Ọ̀nà wo ni hátṣẹ́rì lè gbà dín iná kù? Àgbéyẹ̀wò láti ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàmójútó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúníìtì iná kan (kWh kan) fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún náà ó ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ₦209.50, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ẹni tó bá sá fún owó iná kò wá rí ibi ìsádi lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn tó ń pa ọmọ ẹja ní hátṣẹ́rì lára gan-an. Ẹni tó ń ta aṣọ lè pa iná, kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó lọ sílé. Ẹni tó ní ẹyin ẹja àrọ̀ nínú omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ fún un pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn: ẹnìkan á ní kó ra sólà, ẹlòmíràn á ní kó máa tún omi lò, ẹlòmíràn á ní kó pa hítà, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kó pa hátṣẹ́rì rẹ̀ rẹ́, kó lọ ra ọmọ ẹja níbi tí iná wà.

Àgbéyẹ̀wò yìí to àwọn ìdáhùn náà lẹ́sẹẹsẹ. Ìlú kan ló fi ṣe òṣùwọ̀n: Òkè-Onígbìn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin, ìpínlẹ̀ Kwárà. Kò jìnnà sí Ọmù-Àrán, níbi tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2011, tó sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe òpómúléró ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdí tí ìlú yìí fi yẹ fún òṣùwọ̀n kò ju mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ àgbègbè náà ga. Ọmù-Àrán fúnra rẹ̀ fi nǹkan bíi 560 mítà ga ju òkun lọ, òru ọyẹ́ ibẹ̀ sì máa ń tutù. Abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta líle, tí ó jẹ́ pé inú ìpele tó ti rà lórí òkúta àti inú ìsán rẹ̀ nìkan ni omi ń gbé. Ìkẹta, kì í ṣe ìlú ńlá tí iná máa ń kọ́kọ́ dé.

Àwọn àgbègbè yìí kò ṣàjèjì sí iná tàbí sí ẹ̀kọ́ ẹja. Ìdídò Kainji tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1968 ló bí ètò ìwádìí adágún Kainji lọ́dún kan náà. Ètò náà di ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí lọ́dún 1975, ó sì di NIFFR, ilé ìwádìí ẹja omi aládùn ti orílẹ̀-èdè, lọ́dún 1987, ní New Bussa. Kwárà ni New Bussa wà títí di ọdún 1991 tí wọ́n gé Borgu kúrò lọ sí ìpínlẹ̀ Niger. Ìdídò kan náà ló fún wa ní iná àti ìmọ̀ ẹja. Iná ló ń ti ìmọ̀ lulẹ̀ báyìí.

Ibi tí iná ń gbà lọ

Kí a tó gbọ́ tẹnu àwọn tó ń jà, ó yẹ kí a mọ ohun tí hátṣẹ́rì ń fi iná ṣe. A ó gún ìyá ẹja ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó. Ovaprim ni ọ̀pọ̀ ń lò. Nínú omi oní-25 dígírì, ẹyin rẹ̀ á gbó lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá. A ó fún un jáde, a ó pò ó mọ́ àtọ̀ akọ, a ó tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní kákábàn nínú omi tó ń ṣàn. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹyin á pa. Ọmọ tó jáde á máa jẹ oúnjẹ tó gbé rọ̀ síkùn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Artemia, edé tíntìntín tí a máa ń pa fún un. Àgbà àrọ̀ lè yọjú lókè omi kó mí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kú nínú ẹrẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi nìkan ló ní.

Iná ń fa omi, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, ó ń mú omi gbóná, ó sì ń ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké bíi gílóòbù àti fìríìsà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré oní-60 wáàtì tí kò sinmi tọ̀sán-tòru kò jẹ tó yúníìtì kan àti ààbọ̀ lóòjọ́. Pọ́ǹpù inú kànga (sumo) oní-750 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta á jẹ yúníìtì méjì lé díẹ̀. Hítà oní-1,000 wáàtì tó wà lórí láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ ọyẹ́, wákàtí mẹ́rìnlá, á jẹ yúníìtì mẹ́rìnlá.

Ohun tí mo rí nínú ìṣirò yìí ni pé ohun tó ń jẹ iná jù kọ́ ló ń tètè pa ọmọ ẹja tí ó bá dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ ló rọ̀ jù lówó, àìsí rẹ̀ ló sì ń pa ọmọ ẹja kíákíá bí iná bá lọ. Ooru ló wọ́n jù, àìsí rẹ̀ fún wákàtí méjì kì í sì í ṣe ikú. Ọ̀pọ̀ ìjà tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ìbá rọlẹ̀ bí oníkálùkù bá sọ èwo nínú mẹ́rin yìí ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ti gílóòbù kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ àrọ̀ fẹ́ràn òkùnkùn, ó sì máa ń dàgbà dáadáa nínú rẹ̀. Àfi ìkòkò tí a ti ń pa Artemia, tó nílò ìmọ́lẹ̀, kò sí ìdí tí iná fi gbọ́dọ̀ wà lórí ọmọ ẹja mọ́jú. Ẹ pa á.

Àwọn tó ní kí omi máa ṣàn fúnra rẹ̀

Ẹgbẹ́ yìí ló ti pẹ́ jù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibi tí a kọ́ hátṣẹ́rì sí ló ń pinnu owó iná rẹ̀. Kí a wá ibi tí ilẹ̀ ti dagun, kí omi ti òkè bọ̀, kó gba inú táńkì ẹyin kọjá, kó jáde sí adágún nísàlẹ̀. Níbi tí kò sí odò, kí a gbé táńkì lékè, kí a fa omi kún un lẹ́ẹ̀kan tí iná bá dé, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo wákàtí tí kò bá sí iná. Bí a bá jẹ́ kí omi náà bọ́ láti orí àtẹ̀gùn tàbí páìpù tó ní ihò, á gbé afẹ́fẹ́ wọlé bó ṣe ń bọ́, ẹ̀rọ kankan kò sì ṣe é.

Ìṣirò gbè wọ́n. Láti gbé lítà ẹgbẹ̀rún kan omi gun orí òpó oní-mítà mẹ́fà, kò tó ìdá ogún yúníìtì kan, àní bí pọ́ǹpù náà kò bá tilẹ̀ dára tó. Omi tó ń ṣàn ní lítà kan níṣẹ́jú kan jẹ́ lítà 1,440 lóòjọ́, nítorí náà táńkì ńlá méjì lókè lè gbé àwo ẹyin mélòó kan la òru kọjá láìsí wáyà.

Àìlera wọn wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ọ̀pọ̀ odò kékeré ló máa ń fà tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò ìgbà òjò sì máa ń gbé ẹrẹ̀, kòkòrò àti ẹja ìgbẹ́ wá. Èyí tó kù ni kànga ẹ̀rọ. Níbi tí òkúta bá wà, kànga lè jinlẹ̀ kí ó má sì lómi púpọ̀. Láti fa lítà ẹgbẹ̀rún kan láti ìsàlẹ̀ àádọ́ta mítà pẹ̀lú sumo tó ń sọ nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún iná rẹ̀ di iṣẹ́, ó ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta yúníìtì kan. Ìyẹn kò wọ́n fún táńkì kan. Fún hátṣẹ́rì tó ń da omi nù ní gbogbo ọjọ́, ó ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kànga náà lè gbẹ kí owó tó tán.

Àwọn alátúnlò omi

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ kejì ṣe ní kí a má da omi nù rárá. Kí ó jáde nínú táńkì, kó gba inú àsẹ́ tó ń mú ìgbẹ́ ẹja, kó gba inú àsẹ́ kejì tí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń sọ májèlé tó ń jáde lára ẹja di ohun tí kò léwu púpọ̀, kó sì tún padà. Ní ilẹ̀ Netherlands, láti àwọn ọdún 1980 síhìn-ín, inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń sin àrọ̀ tí wọ́n gbé láti Áfíríkà lọ, nítorí òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè da omi gbígbóná nù.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn tún ni ìṣirò. Pọ́ǹpù inú ètò yìí kì í gbé omi ju mítà méjì lọ. Bí ó bá yí gbogbo omi táńkì po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ti gbé e ní mítà méjìdínláàádọ́ta láàárín ọjọ́ kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iná tí a fi ń fa omi táńkì kan náà lẹ́ẹ̀kan láti inú kànga oní-mítà-àádọ́ta dọ́gba. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ omi táńkì rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ láti inú irú kànga bẹ́ẹ̀ ń fi iná ṣòfò, kó tó di pé a dárúkọ ooru tó bá omi náà jáde.

Àwọn tó ń takò wọ́n kò jiyàn lórí ìṣirò. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni: bí iná bá lọ ńkọ́? Omi tó ń ṣàn láti táńkì òkè á máa ṣàn lọ. Omi tó ń yí po á dúró, ọmọ ẹja á máa mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ, àwọn kòkòrò inú àsẹ́ náà á máa mí in pẹ̀lú wọn. Bí èyí bá pẹ́, àwọn kòkòrò á kú, a ó sì tún dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí tuntun tó pọ̀ tó. Ètò náà ń dín iye iná kù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná tí kì í sinmi. Ní ibi tí iná pọ̀ tó sì wọ́n, òun ló dára jù. Ní ibi tí iná kì í dúró, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a sílẹ̀ kó tó ní ohun tí yóò gbé e la òru já. Mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ń fo gbólóhùn ìkẹyìn yìí.

Ọ̀rọ̀ ooru

Ibí yìí ni owó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti le jù. Ẹgbẹ́ àwọn oníhítà sọ pé ooru kì í ṣe afẹ́ rárá. Nínú omi oní-20 dígírì, ẹyin àrọ̀ máa ń gbà tó wákàtí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kó tó pa. Ní 25 dígírì, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ní 28, nǹkan bíi méjìlélógún. Ẹyin tó bá pẹ́ nínú omi tutù á hu funfun bí òwú, èyí tó ti bàjẹ́ á ran èyí tó dára, gbogbo wákàtí tó fi pẹ́ náà ni a ó sì fi máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tí omi á sì máa ṣàn lé e lórí. Lójú wọn, ẹni tó bá pa hítà kò tọ́jú iná. Ńṣe ló sún owó náà síwájú, tó sì fi ẹyin kún un.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó náà nìyí: láti mú lítà ẹgbẹ̀rún kan omi gbóná ní dígírì kan, ó ń gba yúníìtì kan àti díẹ̀ (1.16). Dígírì márùn-ún á gba 5.8, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦1,200 ní iye owó Band A ti oṣù keje 2024. Bí omi náà bá sì ń ṣàn lọ sí gọ́tà, owó náà ń bá a lọ.

Ẹgbẹ́ kejì lórí ọ̀rọ̀ ooru ni àwọn tó ní kí a má dá ooru, kí a sé e mọ́. Èmi ń fi ọwọ́ sí wọn jù, nítorí ohun tí wọ́n rí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ. Omi ojú táńkì ń gbẹ lọ sínú rẹ̀, gbogbo lítà tó bá sì gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Bí lítà méjì péré bá gbẹ lójú táńkì oní-1,000 lítà, ó ti tutù ju dígírì kan lọ. Hítà ń dá ooru, ọyẹ́ ń kó o lọ, mítà iná ń kà á. Ìdérí pákó tàbí fóòmù tàbí náílọ́nù lásán lójú omi ń dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró. Fóòmù tàbí erùpẹ̀ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, àti àgọ́ náílọ́nù kékeré nínú yàrá dípò kí a máa mú gbogbo yàrá gbóná, ń ṣe èyí tó kù. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa atẹ́gùn òru láti ìta wọlé náà ń mú omi tutù. Kí ó máa fa atẹ́gùn láti inú àgọ́ náà.

Àìlera wọn ni pé ibi tí a bá sé mọ́ kì í gbẹ. Ògiri á hu ebu, ìjànbá wáyà lè ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rinrin, gáàsì tó ń jáde lára ẹja kò ní rí ọ̀nà lọ. Ìdérí tó bo omi pátápátá sì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ihò.

Ẹgbẹ́ kẹta kéré, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́ sí ìgbọ́ ní Òkè-Onígbìn. Omi tó jìn sábẹ́ ilẹ̀ kì í mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ máa ń sún mọ́ ti àpapọ̀ ọdún ní àdúgbò náà, tí ó jẹ́ bíi 26 dígírì ní ìhà tiwa, kódà ní òru tí omi inú táńkì òkè ti di 20. Fífa lítà ẹgbẹ̀rún kan jáde láti àádọ́ta mítà kò tó ìdá mẹ́wàá iná tí a fi ń mú un gbóná ní dígírì márùn-ún. Nítorí náà, wọ́n ní, kànga ni hítà tó rọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ wọn ta ko ti àwọn onítáńkì òkè, nítorí omi táńkì tó wà lókè lóru ń tutù. Wàhálà rẹ̀ ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, ó sì lè ní irin. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin, ó ní láti bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni òtútù náà yóò sì tún ti bá a. Bí a bá ṣe àtẹ̀gùn náà sínú yàrá tí a ti sé ooru mọ́, kì í ṣe síta, àǹfààní rẹ̀ á ṣẹ́kù.

Àwọn kan ṣì ń fi iná èédú tàbí àtùpà kẹrosíìnì mú yàrá gbóná bí ti adìyẹ. Ó dín owó iná kù lóòótọ́. Ó tún ń tú gáàsì olóró tí kò lóòórùn sínú yàrá tí a ti sé mọ́, àwọn tó ń sùn ti ẹja sì lè má mọ ewu rẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Kò sí iye owó iná tó tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó mọ́gbọ́n dání jù nínú ìran yìí ni gáàsì ìgbẹ́ ẹran. Ní Àjàṣẹ́ (ti Benin ni mò ń wí, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tiwa), ibùdó Songhai tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 ti fi hàn pé oko kan lè so ẹran, ẹja àti gáàsì ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá fi gáàsì náà mú omi gbóná níta, tí omi gbígbóná gba inú páìpù wọlé, ewu èéfín kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ kò ní ìgbẹ́ tó tó, òtútù tó ń da hátṣẹ́rì láàmú sì ń mú kí gáàsì náà dín kù lásìkò kan náà.

Àwọn tó ní kí a pààrọ̀ ẹ̀rọ

Ẹgbẹ́ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kí a wo ẹ̀rọ tí a ní kí a tó wá tuntun. Páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ń mú pọ́ǹpù ṣe làálàá. Páìpù tó fẹ̀ sí i lè dín iná kù ju pọ́ǹpù tuntun lọ. Kọ̀mpurẹ́sọ̀ tí fọkanáísà ń lò kò yẹ fún táńkì tí omi rẹ̀ kò jìn ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí agbára tó fi ń rọ atẹ́gùn mọ́ra ń ṣòfò. Búlówà tó ń fẹ́ jẹ́jẹ́ ló yẹ ibẹ̀. Fún pọ́ǹpù tó ń yí omi po, bí a bá dín eré mọ́tọ̀ rẹ̀ kù ní ìdá márùn-ún, iná tó ń jẹ lè já sí ìdajì. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ fún sumo inú kànga, tó jẹ́ pé bí ó bá falẹ̀ jù, omi kò ní dé òkè mọ́. Iná tí kò lágbára tó, tó ń mú gílóòbù pọ́n, ń mú kí mọ́tọ̀ gbóná kó sì jó.

Ohun tí a lè sọ lòdì sí wọn ni pé èrè wọn kéré níbi tí hítà bá ti ń jẹ ìdá tó pọ̀ jù nínú owó. Ẹni tó pààrọ̀ búlówà, tó fi táńkì sílẹ̀ láìbò nínú ọyẹ́, kò tíì fọwọ́ kan ibi tí owó wà.

Àwọn olóòrùn

Ọ̀rọ̀ sólà ló gba ẹnu jù báyìí. Àwọn tó ń gbè é sọ pé oòrùn ilẹ̀ Kwárà pọ̀, páńẹ́lì oní-1,000 wáàtì sì lè mú nǹkan bíi yúníìtì mẹ́rin wá lóòjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Àwọn tó ń takò ó ní ti alẹ́ ńkọ́, ti eruku ọyẹ́ lójú páńẹ́lì, ti ìkùukùu oṣù keje àti oṣù kẹjọ.

Ìṣirò bátìrì dá ìjà yìí sí méjì. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì oní-12 fóólítì, 200Ah, gbé yúníìtì 2.4, kò yẹ kí a lò ó ju ìdajì lọ kó má bàa tètè kú, nítorí náà 1.2 ló kù fún wa. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oní-60 wáàtì fún wákàtí mẹ́rìnlá òru jẹ 0.84. Bátìrì kan ṣoṣo gbé e, ó sì tún ṣẹ́ kù fún òfò inú ínfátà. Bí a bá ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oní-12 fóólítì, kò tilẹ̀ nílò ínfátà. Hítà oní-1,000 wáàtì fún òru kan náà, bátìrì méjìlá ni. Ẹni tó bá fi sólà gbé afẹ́fẹ́ ti ra ẹ̀mí ẹja ní owó tó ṣeé san. Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì gbé ooru ń wá gbèsè. Ti omi wà láàárín méjèèjì: sumo tí páńẹ́lì ń gbé tààrà lọ́sàn-án, tó ń kún táńkì òkè, kò nílò bátìrì rárá.

Àwọn tó ń ta sólà kì í pín in báyìí. Odidi ilé ni wọ́n máa ń ṣírò. Àwọn tó sì ń ta kò ó máa ń fi iye owó odidi ilé náà dẹ́rù ba ènìyàn.

Àwọn tó ní kí iṣẹ́ tẹ̀lé iná, àti àwọn tó ní kí a má ṣe é rárá

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní kí a fa omi nígbà tí iná bá dé, kí a pa Artemia lọ́sàn-án, kí a fi wákàtí abẹ́rẹ́ sí ibi tí ẹyin á fi pa ní ojúmọ́. Kò ná wa lówó. Ó kàn jẹ́ pé ẹja kì í dúró de IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ìhà tiwa. Ìmọ̀ràn tó le jù nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé kí a má pa ọmọ ẹja ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní rárá. Ẹni tó fẹ́ ẹja títà fún ọdún Kérésì ti nílò ọmọ ẹja láti bí oṣù kẹfà tàbí ìkeje, nígbà tí ìyá ẹja kún fún ẹyin tí omi sì gbóná. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọmọ ẹja wọ́n ni ẹni tó ní i lè rí owó gidi.

Àwọn tó kù sọ pé hátṣẹ́rì kéékèèké tó fọ́n káàkiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní hítà, búlówà àti jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ni òfò tó tóbi jù. Ooru tí táńkì ńlá kan ń pàdánù kéré sí ti táńkì kéékèèké mẹ́wàá tó gba omi kan náà. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan dá ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí iná ti dára, kí àwọn tó kù máa gba ọmọ ẹja níbẹ̀ nínú náílọ́nù tó ní afẹ́fẹ́. Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn olùsìn ẹja ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ adágún lè wà lábẹ́ ẹgbẹ́ kan. Èyí tó lè bà á jẹ́ hàn gbangba: àìsàn kan ní hátṣẹ́rì kan á kárí gbogbo Ìsin, ìran ẹja kan náà á máa bí ara rẹ̀, ẹni tí kò sì ní hátṣẹ́rì mọ́ kò ní ohùn nínú iye owó ọmọ ẹja.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ṣì wà nílẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tó yẹ kí a náwó lé. Láti 20 dé 25 dígírì, wákàtí ọgbọ̀n la jèrè. Láti 25 dé 28, márùn-ún péré. Bóyá 25 tí ìdérí àti omi kànga fún wa sàn ju 28 tí hítà fún wa lọ, a kò tíì gbọ́ ìdáhùn kan náà lẹ́nu gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ọjọ́ tí ọmọ ẹja ń jẹun wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ẹyin.

Èkejì ni bóyá àtúnlò omi yẹ fún hátṣẹ́rì kékeré níbi tí iná kì í dúró, nígbà tí bátìrì ìgbàlódé ti ń wọ ọjà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ òṣèlú iná: Òfin Iná Mànàmáná tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti ṣàkóso iná tiwọn, ìdáhùn tó bá sì jáde láti ibẹ̀ lè sọ hátṣẹ́rì alájẹṣẹ́kù di ohun tó bọ́gbọ́n mu tàbí kó sọ ọ́ di ìfowóṣòfò.

Ìdájọ́ tèmi fún Òkè-Onígbìn lónìí nìyí: kí a kọ́kọ́ bo táńkì kí a sì sé yàrá, kí a fi bátìrì kan àti páńẹ́lì kan gbé afẹ́fẹ́, kí omi kànga ṣe iṣẹ́ hítà bó bá ti lè ṣe é tó, kí a tó ronú kan àtúnlò omi. Ṣùgbọ́n ìjà yìí kò ní parí níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fi owó oṣù wọn ara wa. Ẹ̀yin tó ní hátṣẹ́rì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin àti Ìrẹ́pọ̀dùn, ẹ so mítà kékeré mọ́ hítà, mọ́ sumo àti mọ́ búlówà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ iye yúníìtì tí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja tó là á já gbà sílẹ̀, ní oṣù òjò àti ní oṣù ọyẹ́. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín.